Ọjà Ni A Rà, Kọ́kọ́rọ́ Rẹ̀ Ṣì Wà Lápò Ẹni Tí Ó Tà Á

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti tó sọ, tí a kò sì gbọdọ̀ gbé mì. Bí ènìyàn bá ra ilé tí ó sì san owó rẹ̀ pé, kò tọ́ kí ẹni tí ó tà á fún un mú kọ́kọ́rọ́ àjà sápò, kí ó máa gba owó lọ́dọọdún kí onílé tó lè gòkè lọ dí òrùlé tí ń jò. Kò tọ́ rárá bí ó bá jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà ni òrùlé ti ń jò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì ń fi ojú àwọn oníbàárà wọn rí gan-an nìyí.

Ẹ jẹ́ kí a là á yé ara wa. Àpótí tí a ń pè ní router, tí ó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé tí ó sì ń pín in fún kọ̀ǹpútà àti fóònù inú ilé, kọ̀ǹpútà ni òun náà. Ó ní ètò tí ń darí rẹ̀. Ènìyàn ni ó kọ ètò náà, ènìyàn kò sì lè ṣe kí ó má ṣe àṣìṣe. Àṣìṣe yìí ni ihò tí olè ń gbà wọlé. Nígbà tí wọ́n bá rí ihò náà, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ yóò kọ àtúnṣe, oníbàárà yóò sì fi í sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ńlá fún ọ́fíìsì, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn, ẹ ó bá ìlẹ̀kùn ní títì. Ní Cisco, tí Leonard Bosack àti Sandy Lerner dá sílẹ̀ ní California ní 1984, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ó jẹ́ pé ẹni tí kò bá ní àdéhùn ìtọ́jú tí a ń san owó rẹ̀ kò lè gba ètò tuntun fún un. Kì í ṣe Cisco nìkan. Ní oṣù Kejì 2014, HP kéde pé àwọn tí àkókò ìdánilójú ọjà wọn kò tíì tán, tàbí tí wọ́n ní àdéhùn ìtọ́jú, nìkan ni yóò máa rí àtúnṣe gbà fún kọ̀ǹpútà ńlá ProLiant wọn.

Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ní àwíjàre tiwọn. Wọ́n ní owó ni àwọn fi ń gba ẹnjiníà, pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí àwọn gbé fóònù rẹ̀ lóru kí àwọn sì bá a wá ojútùú, ó yẹ kí ó sanwó. Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni wọ́n dì pọ̀ sínú ẹrù kan. Kí a dá oníbàárà lóhùn lóru, kí a yára fi ẹ̀rọ mìíràn rọ́pò èyí tí ó bàjẹ́, iṣẹ́ tí ó tọ́ sí owó ni ìyẹn. Kí a dí ihò tí àwa fúnra wa fi sílẹ̀ lára ọjà kí a tó tà á, gbèsè ni ìyẹn. Télọ̀ tí ó rán aṣọ tí apá rẹ̀ já lọ́jọ́ ìgbéyàwó kì í sọ pé kí oníbàárà kọ́kọ́ san àsansílẹ̀ ọdún kan kí òun tó fi abẹ́rẹ́ kàn án.

Cisco pàápàá mọ̀ pé gbèsè ni. Ó wà nínú àwọn ìkìlọ̀ ààbò tí ó ń gbé jáde pé ẹni tí kò ní àdéhùn lè gba àtúnṣe ààbò lọ́fẹ̀ẹ́, bí ó bá kàn sí ilé-iṣẹ́ náà, tí ó mú nọ́ḿbà ẹ̀rọ rẹ̀ wá, tí ó sì tọ́ka sí ìkìlọ̀ náà gan-an. Ìlérí náà dára. Àmọ́ mélòó nínú àwọn tí ó ni ṣọ́ọ̀bù kékeré ni ó mọ̀ pé ẹ̀tọ́ yìí wà? Ta ni yóò máa ka ìkìlọ̀ àwọn ẹnjiníà kí ó tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn òun ṣí sílẹ̀? Ẹ̀tọ́ tí a bá gbé pamọ́ sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn mẹ́ta, ó kù díẹ̀ kí ó di àìsí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ rí, ẹni tí ó gbé e débẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ tí gbogbo wa mọ̀ pé tiwa ni. Peter Alfred-Adekeye, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Cisco rí, dá Multiven sílẹ̀ láti máa bá àwọn oníbàárà tọ́jú ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ní oṣù Kejìlá 2008, Multiven pe Cisco lẹ́jọ́ ní California. Ó ní bí Cisco ṣe di àtúnṣe mọ́wọ́ kò jẹ́ kí ẹlòmíràn rí àyè nínú ọjà ìtọ́jú ẹ̀rọ. Cisco náà pè é lẹ́jọ́ padà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 2010, ibi tí Adekeye ti ń jẹ́rìí nínú ẹjọ́ yìí ní Vancouver ní Kánádà ni àwọn ọlọ́pàá ti wọlé mú un. Ẹ̀sùn 97 ni Amẹ́ríkà kà sí i lọ́rùn, pé ó wọ inú kọ̀ǹpútà Cisco láìgbàṣẹ. Ó lo ọjọ́ 28 ní àtìmọ́lé. Ní 2011, Adájọ́ Ronald McKinnon ti British Columbia kọ̀ láti fi í ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀nà tí wọ́n gbà béèrè fún un. Ilé-iṣẹ́ méjèèjì ti parí ẹjọ́ láàárín ara wọn ní oṣù Keje 2010. Nítorí náà, ìbéèrè tí Multiven gbé wá, ilé ẹjọ́ kò dá a lóhùn títí di òní.

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé, "Kí ni ó kàn mí? N kò ní ọ́fíìsì." Yorùbá ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ní oṣù Karùn-ún 2018 ni ayé gbọ́ nípa VPNFilter, èyí tí ó ti wọ inú ẹ̀rọ bí 500,000 ní orílẹ̀-èdè 54. Ní oṣù Kìíní 2023, Cisco sọ pé òun kò ní ṣe àtúnṣe fún ihò tí wọ́n rí lára router kéékèèké RV016, RV042, RV042G àti RV082, nítorí pé ọjọ́ orí wọn ti kọjá. Ní oṣù Kìíní 2024, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti tú agbo router kan ká, èyí tí àwọn olè láti Ṣáínà ń fara pamọ́ sí. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ti Cisco àti Netgear tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti pa tì. Àwọn tí ó ni ẹ̀rọ kò mọ nǹkankan. Wọ́n ń sùn, olè ń fi ilé wọn ṣe ibùba.

Ó sì kàn wá ju bí ó ti kan àwọn onílẹ̀ lọ. Àwa ni a ń ra ẹ̀rọ tí ọ́fíìsì òyìnbó ti lò tì, tí a ń kó o sínú àpótí lọ sílé fún ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ọ́fíìsì ẹ̀gbọ́n wa. Tòkunbọ̀ kún Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà. Cisco kì í sábà gbà pé àṣẹ láti lo ètò inú ẹ̀rọ ń tẹ̀lé ẹ̀rọ lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Irin ni a rà, ẹ̀mí inú rẹ̀ kò bá a wá. Àtúnṣe tí ó jẹ́ owó díẹ̀ lójú báńkì ńlá ní London, ó lè ju agbára ilé ìwé kan ní Ìsẹ́yìn lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí bí a ṣe lè ṣe é. MikroTik, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Latvia, ń fún ẹni tí ó ra router rẹ̀ ní ètò tuntun láìgba kọ́bọ̀, kò sì tíì kógbá sílé. Láti 2004 ni àwọn olùfọkànsìn ti ń ṣe OpenWrt, ètò ọ̀fẹ́ tí ń jí ọ̀pọ̀ router tí ilé-iṣẹ́ ti pa tì dìde.

Òfin náà ti ń jí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin 2024, ẹni tí ó bá ṣe ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì fún inú ilé gbọ́dọ̀ sọ bí yóò ti pẹ́ tó tí òun yóò fi máa ṣe àtúnṣe ààbò fún un. Ṣùgbọ́n òfin yìí kò sọ iye ọdún tí ó kéré jù. Ti ilẹ̀ Yúróòpù le jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 2027, àtúnṣe ààbò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, fún ọdún márùn-ún ó kéré tán lórí ọ̀pọ̀ ọjà. Kí ló dé tí tiwa kò fi lè rí bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, kí ẹ tó ra router, ẹ béèrè ọjọ́ tí àtúnṣe rẹ̀ yóò dópin. Bí ẹni tí ń tà á kò bá lè sọ, ẹ gbé owó yín lọ síbòmíràn. Kí ẹ tó fi tòkunbọ̀ ránṣẹ́ sílé, ẹ wádìí bóyá ó ṣì ń gba àtúnṣe, àti ọwọ́ ta ni yóò ti máa rí i gbà. Ẹ kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò yín pé kí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ti Yúróòpù dọ́gba, kí ó sì kan ẹ̀rọ ọ́fíìsì pẹ̀lú. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí, ṣùgbọ́n ìbò ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ta ọjà, kí ó tà á tán.