Ta ni Ń Fún Ọ̀gá Ara Rẹ̀ ní Ìsinmi?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fi etí sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí.

Ní sáà tí ó kọjá, ọ̀gbẹ́ni kan wá bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní kí a má ṣe dúró de iṣẹ́ ìjọba. Kí olúkúlùkù dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kí ó di ọ̀gá ara rẹ̀. Títí dé ibẹ̀, mo pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ẹnì kan bi í léèrè nípa másùnmáwo tí ó ń bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rìn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò ju kí ènìyàn máa tètè sùn lọ, kí ó máa mí kanlẹ̀, kí ó má sì gbé ìṣòro sọ́kàn. Gbogbo ilé hó yèè. Èmi kò pàtẹ́wọ́ mọ́. Télọ̀ ni ìyá mi.

Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè a máa tú ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. Ẹ tú másùnmáwo wò: "má sùn" ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àṣẹ ni. Ta ni ó pa àṣẹ náà? Ìbéèrè tí ọ̀gbẹ́ni yẹn kò bèèrè nìyẹn.

Ẹ wo bí ọ̀sẹ̀ kan ti ń rí ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ní Ìbàdàn nígbà tí àríyá bá pọ̀. Aṣọ ẹbí tí ó ti yẹ kí wọ́n kó wá láti oṣù tí ó kọjá, Ọjọ́rú ni wọn yóò kó o dé, òde sì di Sátidé. Bí ó bá kọ̀ ọ́, oníbàárà yóò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ó sì lè má padà mọ́. Bí ó bá gbà á, oorun di èèwọ̀. Iná yóò lọ. Jẹnẹrétọ̀ yóò máa mu epo, epo tí owó rẹ̀ ti fò sókè láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ní Sátidé, wọn yóò wọ aṣọ náà lọ jó. Owó iṣẹ́ ńkọ́? "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó di ìparí oṣù." Nígbà tí a gba ìsinmi, èmi ni mo ń bá a lọ aṣọ di aago méjì òru. Ojú mi ni ó ṣe rán apá ọ̀tún bùbá kan mọ́ ibi tí ó yẹ kí apá òsì wà, tí ó tú u, tí ó sì tún rán an bẹ́ẹ̀ padà. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni a ń sọ fún pé kí ó máa mí kanlẹ̀! Ṣé èémí ni ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ni?

N kò sọ pé oorun kò wúlò o. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé fi hàn pé ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ rẹ̀ fi ìdá 35 nínú 100 ju ti ẹni tí ó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Ṣùgbọ́n Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa fún ẹni tí ó bá sin ọ̀gá fún oṣù 12 ní ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, láti fi sinmi, pẹ̀lú owó rẹ̀. Ọ̀gá ara rẹ̀ kò sí nínú ìyẹn. Ọjọ́ tí ó bá sinmi, owó ṣọ́ọ̀bù kò bá a sinmi.

Ẹnìkan yóò ní: "Ṣebí ó lè ti ìlẹ̀kùn nígbà tí ó bá wù ú?" Òun nìkan? Kí aládùúgbò rẹ̀ máa kó àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ? Àgbẹ̀ ni ọ̀gá ara rẹ̀ àkọ́kọ́ tí a ní, kò sì dá a ṣe. Ó ní àárò: lónìí a ro oko tèmi, lọ́la a ro tìrẹ. Bí iṣẹ́ bá ju àárò lọ, ó bẹ ọ̀wẹ̀, ó sì se oúnjẹ fún àwọn tí ó wá. Àwọn ọlọ́jà ní èsúsú, èyí tí Àlùfáà Samuel Johnson ti ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, tí ó sì bá àwọn ènìyàn wa dé Trinidad, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní susu. A gbé gbogbo èyí tì, a wá ń wàásù èémí!

Àwọn télọ̀ ní ẹgbẹ́ tiwọn. Wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń san owó ẹgbẹ́, wọ́n sì ń bá ara wọn jó níbi ìgbòmìnira àwọn ọmọ iṣẹ́. Ẹgbẹ́ náà ni ó lè fi ẹnu kò pé kò sí ẹni tí yóò gba aṣọ tí òde rẹ̀ kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, àfi pẹ̀lú àfikún owó. Pé ìdajì owó ni yóò ṣáájú sísọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Pé ọjọ́ kan náà ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù àdúgbò yóò máa tì. Àti pé ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá ni yóò kọ́kọ́ kó èsúsú, kì báà ṣe pé kò tíì kàn án. Nígbà náà ni ènìyàn lè kọ iṣẹ́ kí àyà rẹ̀ má já.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ kùn bí wọ́n bá ṣe òfin yìí? Àwa ni. Aṣọ tí a wọ̀ sí ọjọ́ àṣà ní ọdún tí ó kọjá, ọjọ́ mélòó ni a fún ẹni tí ó rán an? Mo mọ àwọn tí kò tíì san owó rẹ̀ nínú wa, n kò sì ní dárúkọ wọn nínú ìwé yìí. Ẹni tí ó bá tún fẹ́ gba oníṣẹ́ ọwọ́ níyànjú pé kí ó lọ sinmi, kí ó kọ́kọ́ lọ san owó aṣọ tí ó wà lọ́rùn rẹ̀.