Wi-Fi kún fọ́ọ́fọ́ọ́, íntánẹ́ẹ̀tì ń wọ́ bí ìgbín: ẹ má tíì náwó yín!

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ìbínú sì ni pẹ̀lú. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àgọ́-Ìwòyè, títí wọ Abigi lọ́hùn-ún nítòsí omi, ẹjọ́ kan náà làwọn èèyàn ń rò: "Wi-Fi kún lórí fóònù mi, àmọ́ kò lọ!" Ẹni tó ra ráútà sílé, tó ń fowó sí i lóṣooṣù, tó wá rí i pé fídíò kékeré kan ń yí lójú fóònù bí òkòtó, tí kò ṣí, ṣé ẹ máa ní kó má bínú ni?

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ìbínú yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n máa ra oògùn àrùn tí kò ṣe wọ́n. Ẹlòmíì á ra dátà ńlá kún èyí tó ní, ẹlòmíì á lọ ra ráútà tuntun. Tí wọ́n bá débẹ̀ tán, ibi tó ń wọ́ dé tẹ́lẹ̀ náà ló tún ń wọ́ dé. Bẹ́ẹ̀, dátà kì í ṣe ọjà pọ́ọ́kú mọ́. Lọ́jọ́ 20, oṣù kìíní, ọdún 2025, ni àjọ NCC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù nílẹ̀ wa gbà káwọn iléeṣẹ́ náà fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, ó sì lè tó 50 nínú 100. Ọmọ yunifásítì OOU tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì, ẹni tó ń bá iléeṣẹ́ Èkó ṣiṣẹ́ láti inú ilé, ìyá tó ń ta aṣọ lórí WhatsApp, èwo nínú wọn ló ní owó tó máa fi ṣòfò?

Ẹ jẹ́ ká ti ìbẹ̀rẹ̀ mú un. Àmì tó dà bí abẹ̀bẹ̀ lókè fóònù yín yẹn, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: pé fóònù yín àti ráútà inú ilé ń gbóhùn ara wọn. Kò sọ pé ráútà rí nǹkan gbà láti ìta o. Ẹ fi wé ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ rán níṣẹ́. Ó jókòó tì yín, ketekete ló ń gbọ́ ohun tẹ́ ẹ wí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rán an lọ sọ́jà, tí ọ̀nà ọjà kún fún ẹrẹ̀, ṣé etí ọmọ yẹn lẹ máa dá lẹ́bi? Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ti ọwọ́ yín dé ọ̀dọ̀ ráútà. Èkejì ti ọ̀dọ̀ ráútà lọ síbi máàsìtì, ó gba ilẹ̀ dé Èkó, ó sì gba abẹ́ òkun lọ sílùú òyìnbó. Abẹ̀bẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, ọ̀nà àkọ́kọ́ nìkan ló mọ̀.

Kí lèèyàn á wá ṣe? Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó náwó. Ẹ yọ gbogbo fóònù àti tẹlifíṣàn yòókù kúrò lórí Wi-Fi. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, ẹ lọ sí fast.com, á kọ iye mẹ́gábíìtì tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan síwájú yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ wọ yàrá tẹ́ ẹ ti máa ń lò ó, ẹ tún un ṣe. Ẹ ṣe é ní aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ tún ṣe é ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Dátà díẹ̀ ló máa jẹ, ẹ má kàn sọ ọ́ di eré. Bẹ́ ẹ bá rí 5, ó tó wo fídíò tó mọ́ kedere. Ẹ sì má jẹ́ kí orúkọ tàn yín: mẹ́gábíìtì 8 ló wà nínú mẹ́gábáìtì 1. Tí wọ́n bá ní 16 lẹ̀ ń gbà, mẹ́gábáìtì 2 ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sẹ́ni tó jà yín lólè níbẹ̀ yẹn.

Tó bá yá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, tó wá ń fà ní yàrá, inú ilé yín ni àrùn wà, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbé ráútà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tàbí ẹ̀yìn tẹlifíṣàn, tàbí ẹ̀gbẹ́ fìríìjì. Ògiri bulọ́ọ̀kù àti irin máa ń gbé agbára ẹ̀ mì. Ẹ gbé e sókè, síbi tó ṣí sílẹ̀, láàárín ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo orúkọ Wi-Fi yín, ọ̀pọ̀ ráútà ní méjì: 2.4G àti 5G. Èyí tó jẹ́ 2.4 ń lọ jìnnà, ó ń la ògiri kọjá, òun ló sì ń jẹ́ kí abẹ̀bẹ̀ kún. Ṣùgbọ́n orí ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò wà. Nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè, níbi tí yàrá pọ̀ tí ráútà sì pọ̀, ńṣe ló dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ọjà: ẹ ń gbóhùn ara yín lóòótọ́, ariwo ni kò jẹ́ kọ́rọ̀ yé. Tẹ́ ẹ bá wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ráútà, ẹ bọ́ sórí 5. Tó bá jẹ́ 2.4 nìkan lẹ ní, ẹ wọ inú ètò ráútà, kẹ́ ẹ gbé e sórí ṣánẹ́ẹ̀lì 1, 6 tàbí 11, èyí tí ẹsẹ̀ ò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ má sì ṣì í mú o, 5G ara orúkọ Wi-Fi yẹn kì í ṣe 5G tí MTN gbé jáde ní 2022.

Tó bá yá nígbà tó ku ẹ̀yin nìkan, tó dákú nígbà táwọn tó kù padà sórí ẹ̀, èrò ló pọ̀. Fóònù míì wà tó ń gbé gbogbo fọ́tò ẹ̀ lọ sórí Google láìjẹ́ kẹ́nì kan mọ̀. Kọ̀ǹpútà míì ń tún ara ẹ̀ ṣe lóru. Ọmọ ará ilé kejì tẹ́ ẹ fún ní páàsìwọ́ọ̀dù lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Òun náà ti fún ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ẹ wo inú ráútà, ẹ ka iye fóònù tó wà lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì yí páàsìwọ́ọ̀dù náà padà.

Tó bá wá fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà lórí ẹ̀, a ti bọ́ síta nìyẹn. Tó bá yá láàárọ̀ tó fà lálẹ́, máàsìtì ni èrò kún, gbogbo àdúgbò ló dé láti ibi iṣẹ́, tí wọ́n ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ráútà tuntun ò lè wo ìyẹn sàn. Tó bá ń fà tàárọ̀-talẹ́, ẹ wo iná ara ráútà fúnra ẹ̀, torí òun náà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiẹ̀ tó ń gbà. Lọ́nà Abigi, níbi tí igbó àti omi pọ̀, tí máàsìtì lè jìnnà, ẹ gbé e sójú fèrèsé tó kọjú sí máàsìtì. Ẹ yá fóònù ará ilé kan tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì, kẹ́ ẹ dán an wò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ ra síìmù. Ẹ tún ka ètò dátà yín dáadáa. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ní kò lópin ló lópin: tẹ́ ẹ bá lò ó dé ibì kan, wọ́n á rọra fa ìjánu.

Nígbà míì, kò kan ilé yín, kò kan máàsìtì. Lọ́jọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan. Báńkì ń ṣe wúruwùru nílẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pariwo ní Gánà àti Benin. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó lọ ra ráútà tuntun kàn fowó ta lọ́rẹ ni.

Tẹ́ ẹ bá rí i pé ìta ló ti wá, ẹ pe 300, nọ́ńbà kan náà ni fún gbogbo iléeṣẹ́ wọn. Ẹ má kàn sọ pé "kò lọ". Ẹ ka ohun tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé fún wọn: ọjọ́, aago, iye tó wọlé. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ pe NCC fúnra wọn lórí 622. Ẹni tó ní ẹ̀rí lọ́wọ́ kì í jókòó sẹ́yìn ẹjọ́.

Ìdánwò ọ̀hún ò ju wákàtí kan lọ tẹ́ ẹ bá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra ráútà tuntun yẹn, ẹ fi í sápò ná. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.