Ìwọ̀n Íntánẹ́ẹ̀tì Tí Wọ́n Ń Tà fún Ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ẹni tó bá ra gàárì lọ́jà Ìkòròdú mọ ohun tó ń rà. Kóńgò wà níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára kóńgò náà. Bí ẹni tó ń tajà bá ti kan ìdí kóńgò wọnú, oníbàárà á gbé e yẹ̀ wò, á sì pariwo. Láti ọdún 1974 pàápàá ni Nàìjíríà ti ní òfin òṣùwọ̀n ọjà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi òṣùwọ̀n èké rẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ọjà kan wà tí ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkòròdú, Ìgbógbó, Ìmọ̀ta, Ejìnrìn àti Ẹ̀pẹ́ ń rà lóṣooṣù láì rí kóńgò tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ọjà náà ni íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé.

Ohun tí àwọn tó ń tà á máa ń kọ sára pátákó ìpolówó ni pé ó lè tó mẹ́gábíìtì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tàbí kó tó 100. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "ó lè tó", ni gbogbo wàhálà fara pamọ́ sí. Ẹni tó ní "ó lè tó" kò tíì sọ pé ó tó. Bàbá àgbà tó ti fi owó ìfẹ̀yìntì ra ráútà nítorí kó lè máa rí ojú àwọn ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù yóò rí i pé lọ́sàn-án, ohun gbogbo ń lọ geere. Tó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí ọmọ ti ibi iṣẹ́ dé tó pè, ojú ọmọ á dúró gbagidi lórí fóònù, ohùn á máa já. Wọ́n á ní kó pa ráútà kó tún un tàn. Ó pa á, ó tún un tàn, kò sí ìyàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti owó kékeré mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC, tó ń ṣe àkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, gba àwọn iléeṣẹ́ láyè láti fi owó iṣẹ́ wọn kún títí dé ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn iléeṣẹ́ rojọ́ pé epo dísù àti owó dọ́là ti wọ́n kọjá bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ wọn kò sì ṣòfo. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi owó kún ọjà fún ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìwọ̀n ohun tí wọ́n ń bù fún un.

Àwọn àgbà kò gbàgbé bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Kí ẹ̀rọ GSM tó dé ní ọdún 2001, ìlà tẹlifóònù NITEL tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó ìdajì mílíọ̀nù. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìlà bẹ́ẹ̀ wọ íntánẹ́ẹ̀tì, kílóbíìtì 56 péré ni ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ìyẹn bí iléeṣẹ́ bá gbé e dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn okùn ńlá abẹ́ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ sí Èkó lọ́kọ̀ọ̀kan: SAT-3 ló ṣáájú, MainOne àti Glo-1 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, Equiano dé ní 2022. Lónìí, omi pọ̀ rẹpẹtẹ létí òkun, bẹ́ẹ̀ Ẹ̀pẹ́ kò sì jìnnà sí etí òkun náà. Páìpù tó yẹ kó gbé omi dé ẹnu ọ̀nà ilé ni kò tó nǹkan.

Ìdí nìyẹn tí ìṣòro fi pọ̀ jù lálẹ́. Ní Nàìjíríà, ó lé ní mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìlà íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé òpó nẹ́tíwọ̀kì ni wọ́n ti ń gbà á, kì í ṣe okùn tó wọlé. Ráútà orí tábìlì inú pálọ̀ kò yàtọ̀ sí fóònù tó tóbi. Òpó kan ni òun àti gbogbo fóònù àdúgbò jọ ń fà. Ká ní agbára tí òpó kan ń gbé lọ sí apá kan àdúgbò jẹ́ mẹ́gábíìtì 100. Bí ilé méjì bá ń lò ó lọ́sàn-án, 50 ni yóò kan ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ilé àádọ́ta bá jọ dà bò ó lálẹ́, méjì péré ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òpó kò bàjẹ́, ráútà kò sì bàjẹ́. Èrò ló pọ̀. Sátẹ́láìtì pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Starlink bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti dá gbígba oníbàárà tuntun dúró ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó nítorí pé àyè ti kún.

Kí onílé tó wọn tirẹ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ orúkọ òṣùwọ̀n, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rú àwọn ènìyàn lójú. Bíìtì yàtọ̀ sí báìtì. Bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan. Bíìtì ni wọ́n fi ń ka eré tí íntánẹ́ẹ̀tì ń sá, "b" kékeré ni wọ́n sì ń fi kọ ọ́. Báìtì ni wọ́n fi ń ka ìwọ̀n dátà tí ènìyàn rà, "B" ńlá ni tirẹ̀. Ẹni tó ní mẹ́gábíìtì mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mẹ́gábáìtì kan ṣoṣo ló ń wọlé sí i. Fíìmù tó jẹ́ mẹ́gábáìtì 700, bí eré bá jẹ́ mẹ́gábíìtì 10, yóò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àti ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí á rò pé ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ ni, á sì máa bá ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́ jà.

Àwọn ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn eré náà wà lórí fóònù, ọ̀fẹ́ sì ni. Speedtest ti wà láti 2006, Netflix náà sì gbé Fast.com jáde ní 2016. Nọ́ńbà mẹ́ta ló ṣe pàtàkì nínú ohun tí wọ́n bá fi hàn. Èkíní ni bí nǹkan ṣe ń yára wọlé, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Èkejì ni bí nǹkan ṣe ń yára jáde, èyí tí àwọn tó ń tà á kì í fẹ́ mẹ́nu kàn. Bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń gbé ojú àti ohùn bàbá lọ bá ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, òun náà ló ń gbé fáìlì akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá olùkọ́. Ẹ̀kẹta ni àlọ àti àbọ̀, ìyẹn àkókò tí iṣẹ́ tí a rán fi lọ tó sì fi padà, tí wọ́n ń fi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kà. Bí àlọ àti àbọ̀ bá pẹ́, ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀ á máa já lu ara wọn lẹ́nu, kódà bí eré bá pọ̀. Sátẹ́láìtì àtijọ́ tó wà ní nǹkan bí kìlómítà 36,000 lókè ní àìsàn yìí, torí ọ̀nà jìn. Ti Starlink wà ní nǹkan bí kìlómítà 550, ìdí nìyẹn tó fi yá.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n náà gba ọgbọ́n. Ẹni tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, tí ògiri búlọ́ọ̀kù mẹ́ta wà láàrin òun àti ráútà, ògiri ló ń wọ̀n, kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ó sún mọ́ ráútà, tàbí kó fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Kí àwọn ọmọ dá fídíò wọn dúró ná. Kí ó wọ̀n ọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti láàrin aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan, kó sì kọ ọjọ́, aago àti nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò jẹ́ ẹ̀rí. Kó sì rántí pé wíwọ̀n ń jẹ dátà: bí eré bá jẹ́ mẹ́gábíìtì 40, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ti jẹ mẹ́gábáìtì 50. Kó tún wo ìlú tí ohun èlò náà ń bá sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ Èkó níbí, nọ́ńbà á dára ju ti ìlú òkèèrè lọ. Láti 2006 tí ibi ìpàdé nẹ́tíwọ̀kì tí wọ́n ń pè ní IXPN ti wà ní Èkó ni àwọn iléeṣẹ́ ti ní ibi tí wọ́n ti lè pàṣípààrọ̀ iṣẹ́ láàrin ara wọn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ lọ sókè òkun kó tó padà.

Òdodo ọ̀rọ̀ ni pé gbogbo ẹ̀bi kọ́ ni ti ẹni tó ń tà á. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin ló bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí ilé ìfowópamọ́ pàápàá ní Nàìjíríà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè ṣiṣẹ́. Katakata tó ń la ọ̀nà a máa gé okùn, olè a máa jí bátìrì òpó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ yóò mọ ìyàtọ̀ láàrin ìjàǹbá ọjọ́ kan àti ìyà ojoojúmọ́.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ìjọba. Ètò íntánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2020 ṣèlérí pé nígbà tó bá fi di 2025, ó kéré tán, mẹ́gábíìtì 25 ni ará ìgboro yóò máa rí, ará oko yóò sì máa rí 10. Ọdún 2025 ti kọjá. Ta ló tilẹ̀ fẹ́ sọ bóyá ará ìgboro ni ẹni tó ń gbé Ìmọ̀ta tàbí ará oko? Bí wọ́n bá pè é ní ará oko náà, ẹ jẹ́ kó rí 10 rẹ̀ lálẹ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ fún okùn fíbà ní 2020, kìlómítà 6,000 ni wọ́n sì ṣèlérí. Ó yẹ kí wọ́n gbé àwòrán ilẹ̀ síta, kí ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ mọ òpópónà tó ti dé àti èyí tó kù.

Ohun tí NCC lè ṣe kò le. Ní Britain, láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, iléeṣẹ́ kò lè polówó eré tí ó kéré tán ìdajì àwọn oníbàárà rẹ̀ kò lè rí láàrin aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, bí ẹyọ mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún bá rí i, ó ti tó. Láti oṣù kẹta ọdún 2019, bí eré bá já wálẹ̀ ju ìwọ̀n tí àwọn iléeṣẹ́ tó fọwọ́ sí àdéhùn Ofcom ṣèlérí fún oníbàárà, tí wọn kò sì tún un ṣe láàrin ọgbọ̀n ọjọ́, oníbàárà lè fi wọ́n sílẹ̀ láìsan owó ìtanràn. Nàìjíríà lè mú irú èyí lò láìná kọ́bọ̀. Kí NCC pàṣẹ pé gbogbo ẹni tó bá ta ráútà sí ilé kan gbọ́dọ̀ kọ sára rìsíìtì iye eré tí àdúgbò náà ń rí láago mẹ́sàn-án alẹ́, èyí tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, kí oníbàárà tó san owó. Títí ìgbà náà, ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lè kọ́kọ́ gbé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ bá ẹni tó tajà fún un, kó gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí wọn kò bá dá a lóhùn, ìlà ọ̀fẹ́ NCC ni 622, ó sì ń wọlé láti orí fóònù gbogbo iléeṣẹ́.