Ta Ni Wọ́n Kà, Ta Ni Wọn Kò Kà?

Ní oṣù Mẹ́ta ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé nínú àwọn tó wà láàrin ọmọ ọdún 15 sí 49, ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní kòkòrò HIV, àti pé gbogbo àwọn tó ní in tó mílíọ̀nù 1.9. Iye yìí kéré púpọ̀ sí èyí tí wọ́n ń pè tẹ́lẹ̀. Ó rọrùn kí ènìyàn wí pé àrùn náà ti ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀. Láti ọdún 1991, ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún tó wá sí ilé ìwòsàn ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò. Ìdá 1.8 ni wọ́n rí lọ́dún náà. Ó gòkè dé 5.8 ní 2001, ó sì sọ̀kalẹ̀ sí 3.0 ní 2014. Ṣùgbọ́n aboyún nìkan kọ́ ni ìlú. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní 2018 ni ó wọ inú ilé lọ bá ọkùnrin àti obìnrin ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹni tó fi garawa bu omi lánàá, tó fi igbá bù ú lónìí, kò lè torí ìyẹn sọ pé odò ti fà. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìdá 0.6 ti Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn yangàn: ibi tí èrò pọ̀ sí, ìdá kékeré ibẹ̀ ènìyàn púpọ̀ ni.

Èyí tó ṣòro jù ni iye àwọn tí ilé ìwòsàn ń rí lọ́dọọdún. Ẹni tó bá wá nìkan ni a lè kà. Bí ẹnu aládùúgbò bá lé ènìyàn sá, iye inú ìwé yóò dínkù, àrùn yóò sì máa rìn nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan mọ́ṣáláṣí. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ni kì í gbà kí a so yìgì láìrí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò dára. Ṣùgbọ́n kí ni ìwé náà ń wá lọ́wọ́ akọ̀wé, kó tó dé ọ̀dọ̀ lèmọ́mù, kó tó di ọ̀rọ̀ àárín ọjà? Àmánà ni àṣírí ẹlòmíràn. Ọ̀dọ́ tó ti rí bí wọ́n ṣe tú ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò lọ fi orúkọ ayédèrú ṣe àyẹ̀wò, tàbí kó ra ìwé. Ìṣirò dàrú nìyẹn, ìyàwó sì wà nínú ewu. Kí àwọn méjèèjì tó fẹ́ fẹ́ra gbọ́ èsì ara wọn níwájú nọ́ọ̀sì, kí ìgbìmọ̀ sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn pé àwọn ti mọ̀.

Oògùn wà lónìí. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé títí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í kó o ran ẹnìkejì rẹ̀ lórí ibùsùn. Ẹni tó sá fún àyẹ̀wò kò ní dé ibi tí wọ́n ti ń fún ni.