Ẹ Gba Díìsìkì Àtijọ́ Yín Padà Lọ́wọ́ Ẹnjiníà

Ní ọdún 2021, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo fi ń jẹun máa ń gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá kó tó jí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo fi fóònù ka aago fún un lọ́jọ́ kan tí inú ń bí mi. Bí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, mà á gbé omi kaná, mà á gbálẹ̀ pálọ̀, mà á dá àwọn tó pè mí lálẹ́ àná lóhùn, síbẹ̀ àmì róbótó orí rẹ̀ á ṣì máa yí. Iṣẹ́ ìwé kíkọ ni mo ń ṣe ní Àbújá, kì í sì í ṣe iṣẹ́ olówó oṣù. Bí ìwé bá pẹ́, owó á pẹ́, tàbí kó má tilẹ̀ wá rárá.

Mo ti ń tọ́jú owó láti ra òmíràn kí ọ̀rẹ́ mi kan tó ní kí n kọ́kọ́ gbé e lọ bá ẹnjiníà kan ní Wuse, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Ṣúrùlérè, tó gbọ́ Yorùbá ju àwọn àbúrò mi lọ. Ó tú ìdí kọ̀ǹpútà náà, ó dẹ etí sí i, ó ní, "Àǹtí mi, kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ yìí. Díìsìkì rẹ̀ ló ti rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi SSD sí i." ₦18,000 ló pè é. Mo ní owó ọwọ́ mi ò pé. Ó ní tí mo bá fi díìsìkì àtijọ́ sílẹ̀ fún òun, òun á gba ₦15,000. Ó fi wákàtí méjì da gbogbo ohun tó wà lórí ti àtijọ́ sórí tuntun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé ẹrù mi lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, kò gba kọ̀ǹpútà mi ju ogún ìṣẹ́jú-àáyá lọ kó tó jí. Inú mi dùn débi pé gbogbo ẹni tí mo bá rí ni mò ń sọ fún.

Mo ṣì ń sọ ọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ₦3,000 yẹn gan-an ló gbé mi wá síbí lónìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹnjiníà náà fi jẹ́ òótọ́.

Háàdì díìsìkì kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹ̀rọ tí àwọn bàbá wa fi ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù. Àwo kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí, apá kan sì wà tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí àwo náà láti wá ohun tí a ní kó gbé wá. (Láti ọdún 1956 ni irú ẹ̀rọ yìí ti wà, nígbà tí IBM gbé ọ̀kan jáde tó ní àwo 50, tó sì tóbi bíi fíríìjì méjì.) Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, àwo náà ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Létí èmi àti ẹ̀yin, eré ńlá nìyẹn. Lójú kọ̀ǹpútà, ìjàpá ni. Gbogbo ìgbà tí a bá béèrè fáìlì, apá náà ní láti sún dé ibi tó yẹ, kó sì dúró de àwo kó yí dé abẹ́ rẹ̀. SSD kò ní ohun kankan tó ń yí. Bí fíláàṣì kékeré tí à ń fi sápò ni, àfi pé ó yára jù ú lọ púpọ̀. Kí háàdì díìsìkì tó rí fáìlì kékeré kan, SSD ti lè rí bí ọgọ́rùn-ún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú fáìlì kéékèèké bẹ́ẹ̀ sì ni Windows máa ń béèrè kó tó jí.

Ní ibi tí iná kì í ti í lọ, ìṣẹ́jú mọ́kànlá lè má ju ìbínú lásán lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, owó ni. Kí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tó parí, epo bẹntiróòlù kò tíì tó ₦200 lítà kan ní Àbújá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ó ti kọjá ₦500. Ẹni tó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ mọ iye tí òun ń sun dànù bó ṣe ń wo àmì róbótó yẹn. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà kọjá ₦1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iye kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ sì bá a gòkè. Ẹ tún wá ro ti ọ̀nà wa: apá inú háàdì díìsìkì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwo tó ń yí, ẹni tó bá sì ń tẹ̀wé lórí itan nínú bọ́ọ̀sì Lọ́kọ́ja kò ní pẹ́ gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́. SSD kì í ṣe irú èyí.

Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà yín bá ń wọ́, ẹ má tíì rà òmíràn. Ẹ béèrè bóyá díìsìkì tó ń yí ló wà nínú rẹ̀. Kò wo gbogbo àrùn o. Tí mẹ́mórì rẹ̀ bá jẹ́ 2GB, ẹ̀ ń tan ara yín jẹ ni, àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà tí wọ́n ti jó ibi ìkó-nǹkan-sí wọn mọ́ inú, tí kò ṣe é yọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta NVMe olówó gọbọi fún ẹ̀rọ tí kò ní ojú ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀. SATA lásán tó. Ẹni tó bá sì ń ta 16TB fún yín ní iye owó bàtà kan, mẹ́mórì fóònù kékeré ló fi pamọ́ sínú páálí yẹn.

Ó parí. Ó kù díìsìkì àtijọ́.

Ní ìparí ọdún 2023, mo ń wá ibi tí màá kó àwòrán àtijọ́ sí. Mo ra díìsìkì tòkunbọ̀ kan, 500GB, lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kan tí kò mọ ẹnjiníà tèmi rárá. Nígbà tí mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó mọ́ fóò, kò sí fáìlì kan ṣoṣo níbẹ̀. Àmọ́ lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni mo ti ṣèèṣì pa àpilẹ̀kọ kan rẹ́, ètò tí mo fi wá a rí ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Mo ní kó wo díìsìkì náà. Ìtọpinpin ni, mi ò ní purọ́.

Fáìlì tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló jáde. Mo rí àkọsílẹ̀ owó oṣù àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan, orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì. Mo rí ètò ìsìnkú bàbá ẹnì kan. Mo rí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lókè, irú èsì tí ènìyàn kì í fi han ọkọ kó tó ronú fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo yọ wáyà díìsìkì náà. Àyà mi ń já, àmọ́ kì í ṣe nítorí obìnrin yẹn, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Díìsìkì ₦3,000 tèmi ni mo rántí.

Ojú ewé páásípọ́ọ̀tù mi wà lórí rẹ̀. Nọ́ńbà NIN mi wà níbẹ̀, àti àkọsílẹ̀ báńkì ọdún mẹ́ta. Ìyẹn kọ́ ló gba oorun lójú mi. Ní ọdún 2019 àti 2020, mo ń lọ sí àgọ́ kan lẹ́bàá Àbújá níbi tí àwọn tí Boko Haram lé kúrò nílé ní Borno ń gbé. Obìnrin mẹ́rin gbà kí n gba ohùn wọn sílẹ̀. Méjì nínú wọn sọ ohun tí àwọn tó ń pín oúnjẹ máa ń béèrè lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó wọn ìrẹsì fún wọn. Mo ṣèlérí pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé àwọn ni. Mo yí orúkọ wọn padà nínú ìwé tí mo kọ, nígbà tí wọ́n sì gbé ìwé náà jáde, mo pa ohùn náà rẹ́. Mo rò pé mo ti ṣe ohun tó yẹ.

Kí a pa fáìlì rẹ́ lórí háàdì díìsìkì dà bí ìgbà tí a ya ojú ewé àkóónú kúrò níwájú ìwé. Orí kìíní wà níbẹ̀, orí kejì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní sùúrù á ṣí i dé ibẹ̀. Ó dìgbà tí a bá kọ nǹkan mìíràn lé e lórí kó tó pòórá. Bí a bá sì "fọ́máàtì" rẹ̀ kíákíá, bí ẹnjiníà ṣe ń ṣe kó tó tà á, ojú ewé àkóónú yẹn náà la tún ya.

Mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Wuse. Ọmọdékùnrin kan tó ń ta ìbòrí fóònù ni mo bá níbẹ̀. Nọ́ńbà ẹnjiníà kò lọ mọ́. Mo pe ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, tó ti padà sí Maiduguri. Mo fi Hausa mi tó mẹ́hẹ ṣàlàyé fún un pé ohun tó sọ fún mi lè ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé ìpè ti já. Ó wá béèrè pé, "Orúkọ mi nìkan ni, àbí ohùn mi náà?" Mo ní méjèèjì. Ó ní òun ti gbọ́.

Mi ò bú ẹnjiníà yẹn. Kò jí nǹkan mi. Mo tà á fún un ni. Mi ò sì sọ pé kí a má ta díìsìkì àlòkù. Bí gbogbo nǹkan tí a lò bá ń lọ sí ààtàn, ibo la máa gbà? Ohun tó ń dùn mí ni pé ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti pariwo ọ̀rọ̀ yìí nípa wa, a sì gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network gbé ìjábọ̀ jáde lórí àwọn àlòkù kọ̀ǹpútà tó ń wọ Èkó, ọ̀rọ̀ àṣírí tó wà lórí díìsìkì wọn sì wà lára ohun tí wọ́n kọ. Ní 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn láti yunifásítì kan ní Kánádà ra díìsìkì ní Gánà, wọ́n sì bá ìwé nípa iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀kan. Gbogbo ayé pariwo nítorí àṣírí Amẹ́ríkà. Ta ló pariwo nítorí èsì ẹ̀jẹ̀ obìnrin tèmi yẹn? A máa ń sọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ bíi pé àti òkè òkun nìkan ni nǹkan ti ń bọ̀. Díìsìkì tó ti Wuse lọ sí Onitsha, tó ti Ìkẹjà lọ sí Kútọnu, tòkunbọ̀ ni òun náà lọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Nàìjíríà ní òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, Gánà ti ní tirẹ̀ láti 2012. Báńkì àti ilé-iṣẹ́ fóònù la máa ń rò tí a bá gbọ́ orúkọ òfin bẹ́ẹ̀. Àmọ́ olùkọ́ tó ní orúkọ ọmọ ogójì lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ńkọ́? Nọ́ọ̀sì? Akọ̀wé ìjọ? Èmi? Àwọn kan á ní, "Ta ló fẹ́ wo díìsìkì mi?" Èmi tí mo kàwé gboyè kejì, tí mo ń pe ara mi ní ẹni tó ń pa àṣírí mọ́, mo wo ti ẹlòmíràn ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mi ò ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ohun tí mo ń sọ fún àwọn èèyàn báyìí ni pé kí wọ́n sanwó SSD wọn pé, kí wọ́n sì gba díìsìkì wọn padà. Ẹ ra páálí USB tí wọ́n ń kì í bọ̀, ẹ fi ṣe ibi tí ẹ óò máa kó ẹ̀dà iṣẹ́ yín sí, nítorí SSD máa ń kú láìdágbére: kò ní pariwo kẹ́-kẹ́-kẹ́ kẹ́ ẹ tó jí lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ rí i pé ó ti lọ. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ tà á, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lálẹ́, ẹ mú àmì kúrò níwájú Quick Format, kó fi gbogbo òru kọ òdo sórí ara rẹ̀. Bó bá ti bàjẹ́ pátápátá, ẹ tú u, ẹ fi òòlù fọ́ àwo inú rẹ̀. SSD tuntun náà, ẹ ti í pa láti ọjọ́ kìíní pẹ̀lú BitLocker tàbí irú rẹ̀, torí pé fífi òdo bò ó mọ́lẹ̀ kì í dé gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn oníṣòwò Ìkẹjà, Wuse àti Circle ní Accra lè sọ ọ́ di iṣẹ́: kí wọ́n nù ún lójú oníbàárà, kí wọ́n gba ₦2,000 lé e. Èmi á san án. Láti ìgbà tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, mo retí pé àwọn ọ́fíìsì á máa da àlòkù sọ́jà jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lóṣù tó kọjá, mo tẹ̀ lé àbúrò mi lọ pààrọ̀ díìsìkì tirẹ̀ ní Kaduna. Ẹnjiníà yọ ti àtijọ́, ó sì fẹ́ jù ú sínú dúróọ̀ tó kún fún irú wọn, bóyá ogójì, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo na ọwọ́ sí i. Ó ní, "Madam, ẹ̀dínwó ₦5,000 ti wà nínú iye tí mo pè o." Mo ka ₦5,000 lé e lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi àbúrò mi pé kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ fi irin òkú ṣe.