Ohun Tí Ń Gun Àtẹ̀gùn Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ tí a dáwọ́ lé yóò sinmi ná di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, nítorí àwọn ìyá tí ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò jẹ́ kí n gbádùn ní dìsípẹ́ńsárì. Ọmọ kò sùn lóru, ara ọmọ sú, orí ń fọ́ ìyá fúnra rẹ̀. Bí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé ó fà á, páànù ni gbogbo wọn ń bá wí.

Páànù jẹ̀bi lóòótọ́, n kò gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, a ti gbàgbé ọ̀daràn kejì, èyí tí a ń gùn lọ gùn bọ̀ lójoojúmọ́: àtẹ̀gùn.

Afẹ́fẹ́ tó gbóná fúyẹ́ ju èyí tó tutù lọ, nítorí náà òkè ló máa ń lọ. Ẹni tó bá ti fi igi dáná rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa, kò sí ihò tó tóbi láàrin ìsàlẹ̀ àti òkè ju ojú àtẹ̀gùn lọ. Ẹ wá wo ohun tí a kó sí ìdí rẹ̀: ẹni tí ń din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà, aránṣọ tí ń fi èédú lọ aṣọ, ayálégbé mẹ́rin tí ń dá sítóòfù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Gbogbo ooru yìí ń gun àtẹ̀gùn bí ẹni tí ń san owó ilé. Bó bá dókè tí kò rí fèrèsé, àjà yóò dá a dúró, yóò sì yà sí yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣí. Ẹ jókòó sí ìpele tó kẹ́yìn lókè àtẹ̀gùn yín lálẹ́, kí ẹ sì dìde dúró: orí yín yóò mọ̀ pé òun ti kúrò ní ìlú tí ìdí wà.

Àwọn Agudà tí wọ́n ti Brazil padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kọ́ ilé tí àjà rẹ̀ ga, tí fèrèsé onípákó rẹ̀ sì gùn. Onílé òde òní ń dí gbogbo ihò nítorí olè. Ẹ fi irin àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí fèrèsé òkè àtẹ̀gùn: olè kò ní í gba ibẹ̀ wọlé, ẹ̀fọn kò ní í gbà á, ooru yóò sì gbà á jáde. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìta bá ti tutù, ẹ ṣí i pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tútù lè wọlé nísàlẹ̀, kí èyí tó gbóná sì bá tòkè lọ. Ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ni kí ẹ máa fún un léraléra nínú ooru yìí, kì í ṣe omi.

Ti ooru nìyẹn. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni jẹnẹrétọ̀ tí a ń gbé sábẹ́ àtẹ̀gùn.

Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù mònọ́ksáìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó ju 200 lọ ju bí ọ́síjìn ti í lẹ̀ mọ́ ọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní àyè láti gbé èyí tí ara ń fẹ́ mọ́. Èéfín gbígbóná ni, àtẹ̀gùn sì ni ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó tan ẹ̀rọ lè jókòó síta nísàlẹ̀ kó máa gba atẹ́gùn, kí àwọn tó sùn lókè máa kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Ní ọdún 2021, wọ́n gbé ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wá bá wa ní kùtùkùtù. Wọ́n ní ibà ni. Orí ń fọ́ wọn, òòyì ń kọ́ wọn, wọ́n ń bì, àbíkẹ́yìn kò tilẹ̀ lè dìde. Mo ní, irú ibà wo ló ń mú ènìyàn mẹ́rin lóru kan ṣoṣo? Níbo ni jẹnẹrétọ̀ wà? Wọ́n ní abẹ́ àtẹ̀gùn. Kíá ni a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí wọ́n ti fún wọn ní ọ́síjìn. Gbogbo wọn ló yè é. Lẹ́yìn náà ni onílé wọn wá bá mi, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, fèrèsé ṣí sílẹ̀ o.” Mo ní, “Bàbá, fèrèsé tó lè lé ooru jáde kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ èéfín tí ẹ ń dáná rẹ̀ sínú ilé.”

Ẹ̀yin baba onílé, mo mọ̀ pé olè ni ẹ ń sá fún. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe àgò irin sí àgbàlá, kí ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹnu èéfín má sì kọjú sí ilé yín tàbí ti aládùúgbò. Bí àgbàlá kò bá gbà á, ẹ óò bínú sí mi, ṣùgbọ́n ilé yẹn kò yẹ fún jẹnẹrétọ̀. Ẹ má sì gbàgbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀n, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1987, iná tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn onígi tí ẹ̀rọ ń wà, ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ King's Cross, gun àtẹ̀gùn náà dé òkè, ó sì pa ènìyàn 31. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ilé wa ní.

Èédú tí a gbé wọ yàrá nígbà ọyẹ́ kò sàn jù ú lọ, bí kò tilẹ̀ rú èéfín mọ́.

Bí orí bá ń fọ́ ará ilé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara wọn sì ń fúyẹ́ bí wọ́n bá jáde, ẹ kó gbogbo ènìyàn síta, àgàgà àwọn tó ń sùn. Ẹ má fún wọn ní epo pupa tàbí mílíìkì. Oró yìí kò sí nínú ikùn, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Ọ́síjìn ni oògùn rẹ̀. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà, kí ọ̀rọ̀ tí ẹ óò kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì sì jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ wà ní títàn nínú ilé.