Òpó Kan, Iṣẹ́ Méjì

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí bá ohun tí a fẹ́ sọ lónìí mu, nítorí ọ̀rọ̀ igi tí a ń rì mọ́ ẹ̀bá títì ni: òpó iná. Ṣàrẹ́ ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ojú ọ̀nà tí ó ti Ìlọrin lọ sí Láfíàgí àti Pátígí ni ó sì wà. Ọkọ̀ akẹ́rù ń gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀kadà ń sáré, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì ń sọdá títì ní òwúrọ̀ àti ní ọ̀sán. Bí ìlú ti ń gbòòrò, bẹ́ẹ̀ ni a ó túbọ̀ máa béèrè fún iná tí ń tan títì ní òru àti iná tí ń darí ọkọ̀ ní oríta. Ìmọ̀ràn wa ni pé, níbi tí òpó kan bá lè ru iná méjèèjì, kí a má ṣe ri òpó méjì.

Ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe àlá. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ oríta ni òpó kan náà ti na apá sórí títì láti gbé iná adarí ọkọ̀, tí ó sì tún gbé àtùpà òru sí orí rẹ̀. Ní òpópónà Kensington High Street ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, wọ́n dín òpó kù, wọ́n sì kó ohun tí ó wà lórí wọn jọ, kí ẹlẹ́sẹ̀ lè ráyè rìn. Èrè rẹ̀ kò fara sin. Ihò kan ni a ó gbẹ́, ìpìlẹ̀ kan ni a ó dà. Afọ́jú tí ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà àti ìyá tí ó ru igbá kò sì ní máa forí gbá òpó kiri.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìtàn kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1868 ni wọ́n gbé iná adarí ọkọ̀ àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Gáàsì ni ó ń jó nínú rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1869, gáàsì náà bú gbàmù, ó ṣe ọlọ́pàá tí ń tọ́jú rẹ̀ léṣe, wọ́n sì pa ètò náà tì. Àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé kò ṣẹ̀. Ohun tí ń bọ́ iná náà ni ó bà á jẹ́. Ìṣòro tiwa náà nìyẹn.

Iná ojú títì a máa sùn ní ọ̀sán, a sì máa jí ní àṣálẹ́. Iná adarí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sùn rárá. Bí a bá so méjèèjì mọ́ okùn kan tí kì í tan àyàfi bí ilẹ̀ bá ṣú, oríta yóò di aláìní olùdarí ní agogo méje àárọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ wa ń sọdá. Bí a bá sì so wọ́n mọ́ bátìrì kan, àtùpà òru lè jẹ agbára rẹ̀ tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, kí iná adarí ọkọ̀ ní bátìrì tirẹ̀ tí oòrùn ń bọ́. Gílóòbù àtijọ́ inú irú iná bẹ́ẹ̀ a máa jẹ wáàtì 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti LED òde òní kì í sábàá ju 20 lọ. Ìkejì ni pé oríta ni yóò yan ibi tí òpó yóò dúró, kì í ṣe òpó ni yóò yan oríta. Kí ẹnikẹ́ni má sì lu ihò sára òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kò ṣe fún ẹrù bẹ́ẹ̀; ìjì òjò àkọ́rọ̀ lè wó o lu ènìyàn.

Ìkẹta ni ó ṣòro jù: ta ni ó ni òpó? Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi iná ojú títì sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n títì mìíràn wà tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀. Bí a kò bá kọ àdéhùn sílẹ̀, ọ̀kan yóò wí pé àtùpà ni tòun, èkejì yóò wí pé iná pupa ni tòun, òkùnkùn yóò sì jẹ́ ti gbogbo wa. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Ẹni tí a bá gba owó fún, ẹ jẹ́ kí a béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ máa ṣe, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìlù àti ijó ọjọ́ ìṣílé tó yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsílọ̀ yín ta ni yóò pààrọ̀ bátìrì ní ọdún kẹta, àti níbo ni owó rẹ̀ wà nínú ìṣírò ọdún. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìtumọ̀ àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí iná náà tó dé, kí ẹ sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò kọ̀wé sí káńsù bí ó bá kú. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.